Abẹ́rẹ́ Tí Wọ́n Dán Wò ní Ìmẹ̀sí-Ilé

Ní ọdún 1960, ọdún kan náà tí Nàìjíríà gba òmìnira, dókítà ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Samuel Katz gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára tuntun láti Boston wá sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Àrùn èéyi ni abẹ́rẹ́ náà wà fún, àrùn tí í máa ń sú sí ọmọdé lára, tí í máa ń mú ara rẹ̀ gbóná kọjá ààlà, tí ó sì ti gba ọmọ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ìyá ní àkókò náà. Ẹni tí ó pè é wá ni David Morley, dókítà ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn Wesley Guild níhìn-ín ní Iléṣà, tí ó sì ti ń tọpa ìdàgbàsókè àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní Ìmẹ̀sí-Ilé fún ọdún mélòó kan. Morley ti rí i pé àrùn tí àwọn òbí ní Boston ń fojú kékeré wò ń pa ọmọ ní ìpakúpa ní ọ̀dọ̀ wa. Àwọn ìyá gbé ọmọ wọn wá, wọ́n gún wọn ní abẹ́rẹ́, ó sì ṣiṣẹ́.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní 1963, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ èéyi kí wọ́n máa tà á fún àwọn ará ìlú wọn. Ní Nàìjíríà, ọdún 1979 ni ètò àjẹsára gbogbogbòò fún ọmọdé tó bẹ̀rẹ̀. Lóòótọ́, ìpolongo ńlá kan wáyé ní apá ìparí àwọn ọdún 1960, nígbà tí Amẹ́ríkà ràn wá lọ́wọ́ láti fún ọmọdé ní abẹ́rẹ́ èéyi pọ̀ mọ́ bùpá (àwọn àgbà tí àpá bùpá ṣì wà ní apá wọn kò tíì tán ní Iléṣà), ṣùgbọ́n ìpolongo a máa wá, a sì máa lọ, àwọn obìnrin kì í sì í dẹ́kun ọmọ bíbí nítorí pé ọkọ̀ àwọn olùpolongo ti kúrò nílùú.

Mo fi ìtàn yìí ṣáájú nítorí bí àwọn ènìyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa àìdọ́gba tí ó wáyé lórí abẹ́rẹ́ àrùn Kòrónà. Wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni pé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ jẹ́ ohun tí àwọn kan ṣe ní òkè òkun, tí Áfíríkà kò ní ọwọ́ kankan níbẹ̀, tí ọ̀rọ̀ tí ó kù kò sì ju pé bóyá àwọn tí ó ṣe é ní àánú lójú tàbí wọn kò ní. Ohun tí mo rí nínú ìtàn ilẹ̀ yìí yàtọ̀ sí èyí. A máa ń wà níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ara wa, ẹ̀jẹ̀ wa àti làákàyè wa. Iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń pò ó ni kì í sí lọ́wọ́ wa, ẹni tí iléeṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó sì ń to ìlà.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí wọ́n ṣe to ìlà ti Kòrónà. Ní 2020, kí ẹnikẹ́ni tó mọ èwo ni yóò ṣiṣẹ́, àwọn orílẹ̀-èdè olówó ti ń san owó sílẹ̀ fún oríṣiríṣi iléeṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kí èyíkéyìí tí ó bá yege lè jẹ́ tiwọn. Kánádà nìkan bu ọwọ́ lu ìwé àdéhùn fún abẹ́rẹ́ tí ó lè gún gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè náà ní ìlọ́po mélòó kan. N kò bá wọn jà pé wọ́n ro ti ara wọn. Ìjọba tí kò bá ro ti àwọn ènìyàn rẹ̀ kò yẹ ní ẹni tí à ń san owó orí fún. Ṣùgbọ́n àwọn iléeṣẹ́ tí ó lè ṣe abẹ́rẹ́ náà kò pọ̀ láyé, ohun tí wọ́n sì lè pèsè lóṣù ní òdiwọ̀n, nítorí náà ẹni tí ó bá ra ìlọ́po ohun tí ó nílò ti ra ti ẹlòmíràn mọ́ tirẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, Gavi (àjọ tí ó ń bá àwọn orílẹ̀-èdè tálákà ra àjẹsára) àti CEPI (àjọ tí ó ń náwó sí ìwádìí àjẹsára) ti dá ètò COVAX sílẹ̀ láti dènà irú èyí. Èrò wọn ni pé kí gbogbo orílẹ̀-èdè dá owó jọ, kí wọ́n jọ rà á, kí bílíọ̀nù 2 abẹ́rẹ́ sì ti jáde kí ọdún 2021 tó parí, kí ó lè kan ó kéré tán ènìyàn 20 nínú 100 ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Owó kò tètè dé ọwọ́ COVAX. Nígbà tí yóò fi dé, iwájú ti kún. Nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, a mọ iṣẹ́ òṣómàáló dáadáa: àwìn ni ó ń ta aṣọ, bí ọjọ́ bá sì pé, yóò lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí owó yóò fi jáde. Ní ti abẹ́rẹ́ Kòrónà, ẹni tí ó ti san owó ni ó lóṣòó, tí ó ń bẹ ẹni tí ó jẹ ẹ́ ní ọjà.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá 2020, wọ́n gún ìyá àgbà ẹni 90 ọdún kan, Margaret Keenan, ní abẹ́rẹ́ Pfizer ní ìlú Coventry. Kò tíì pé oṣù kan àbọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 18 oṣù Kìíní 2021, tí Tedros Adhanom Ghebreyesus, olórí Àjọ Ìlera Àgbáyé, fi dìde sọ̀rọ̀ pé abẹ́rẹ́ tí ó lé ní mílíọ̀nù 39 ni wọ́n ti gún ní orílẹ̀-èdè olówó tí kò dín ní 49, nígbà tí orílẹ̀-èdè kan nínú àwọn tí ó tálákà jù ti gún 25. Ó tún un sọ kí ó lè yé wọn: kì í ṣe mílíọ̀nù 25, kì í ṣe ẹgbẹ̀rún 25, àní 25 péré.

Tiwa dé ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹta 2021. Nǹkan bí mílíọ̀nù 3.94 abẹ́rẹ́ AstraZeneca, tí Serum Institute ṣe ní Íńdíà, ni ọkọ̀ òfurufú gbé balẹ̀ sí Àbújá fún àwa tí a lé ní mílíọ̀nù 200, ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹnì kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ gbà á. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ni ó kọ́kọ́ kàn, bí ó ti yẹ. Kò pẹ́ tí àrùn náà fi ru sókè ní Íńdíà, tí ìjọba ibẹ̀ sì dá abẹ́rẹ́ dúró kí ó má jáde mọ́, tí ọ̀nà kan ṣoṣo tí COVAX gbẹ́kẹ̀ lé jù fún Áfíríkà fi dí. Ní oṣù Kẹrin, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń rí sí ìlera alábọ́ọ́dé pàṣẹ fún àwọn ìpínlẹ̀ pé bí wọ́n bá ti lo ìdajì ohun tí ó wà lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n dáwọ́ dúró, kí àwọn tí ó ti gba alákọ̀ọ́kọ́ má baà pàdánù alẹ́ẹ̀kejì.

Ìyá mi, tí ó ti kọjá àádọ́rin ọdún, fẹ́ gba abẹ́rẹ́ náà ní àkókò yẹn. Ó ti gbọ́ nípa àwọn àgbà tí ó ń kú ní Ítálì, ó sì mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ríru tirẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣeré. Nọ́ọ̀sì tí ó bá ní ilé ìlera àdúgbò wa dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Ẹ ṣe sùúrù, Màmá, kò sí nílẹ̀ mọ́ báyìí. Tí ó bá ti dé, a ó pè yín." Oṣù gorí oṣù kí wọ́n tó pè é. Láàárín ìgbà náà, ohun tí kò wọ́n rárá ni ọ̀rọ̀ orí WhatsApp: fídíò ẹni tí ó lẹ gílóòbù mọ́ ojú ibi tí wọ́n gún tí iná sì tàn, ohùn ẹnì kan tí ó ní ẹni tí ó bá gbà á kò ní lò ju ọdún méjì lọ láyé. Nígbà tí ìpè dé, Màmá ní òun ń rò ó. Ìyá ìjọ wọn ni ó bá a sọ̀rọ̀ kí ó tó gbà láti lọ.

Mo sọ èyí nítorí pé ní ìparí 2021, ẹ̀sùn tí ó gbajúmọ̀ jù sí wa ni pé Áfíríkà kò fẹ́ abẹ́rẹ́. Ìfura wà lóòótọ́, n kò ní bò ó mọ́lẹ̀. Ìlú tí ìjọba rẹ̀ ti purọ́ fún lórí iná, omi àti ọ̀nà kò ní ṣàì bi í léèrè bóyá òótọ́ ni ti abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ṣe tẹ̀ léra ṣe pàtàkì. Àìsí abẹ́rẹ́ ni ó kọ́kọ́ dé. Àlàfo oṣù bíi mélòó kan tí kò sí ohun tí nọ́ọ̀sì lè gún fún ẹni tí ó fẹ́ ni irọ́ rí àyè jókòó sí, nígbà tí ohun tí wọ́n ń retí sì dé tán, irọ́ ti di ọ̀rẹ́ ilé.

Bí ó sì ṣe dé kò ran ìgbàgbọ́ lọ́wọ́. Láti ìdajì kejì ọdún 2021, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í fi èyí tí ó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ wọn tọrẹ, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ọjọ́ rẹ̀ pé. Irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ dé Àbújá, kí NAFDAC yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó wọ ẹ̀rọ amóhuntutù, kí ó dé Òṣogbo, kí ó dé Iléṣà, kí ó tó wá gun òkè lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé, nínú orílẹ̀-èdè tí iná kì í dúró. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá 2021, ìjọba kó abẹ́rẹ́ AstraZeneca 1,066,214 tí ọjọ́ ti kọjá lórí rẹ̀ lọ sí ibi ìdalẹ̀nù ní Àbújá, wọ́n sì fi katakata tẹ̀ ẹ́ fọ́ lójú àwọn oníròyìn. Mínísítà ètò ìlera nígbà náà, Osagie Ehanire, ṣàlàyé pé ohun tí wọ́n fún wa kò ní ọjọ́ púpọ̀ lórí. Àwòrán ni ó rìn jìnnà. Àlàyé kò rìn tó bẹ́ẹ̀. Lójú ẹni tí ó wo àwòrán náà ní London, ọmọ Nàìjíríà kò mọ iyì ohun tí wọ́n fún un. Lójú ẹni tí ó wò ó ní Iléṣà, abẹ́rẹ́ náà kò dára ni ìjọba ṣe fọ́ ọ.

Ní gbogbo àkókò yìí, àwọn ibòmíràn ti wà lórí abẹ́rẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Ísírẹ́lì bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn àgbà ní tiwọn kí oṣù Keje 2021 tó parí. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ, Àjọ Ìlera Àgbáyé bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dá ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta dúró títí di ìparí oṣù Kẹsàn-án ó kéré tán, kí àwọn nọ́ọ̀sì ní orílẹ̀-èdè tálákà lè rí ti àkọ́kọ́ gbà. Ẹ̀bẹ̀ náà kò wọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ létí. Nígbà tí ọdún náà parí, nínú ènìyàn 100 ní gbogbo Áfíríkà, nǹkan bíi 9 ni ó ti gbà á pé. Ní Nàìjíríà, wọn kò tó 5.

Ti ìwé ìrìnnà tún wà níbẹ̀, èyí tí ó bí mi nínú ju àwọn tí ó tóbi jù ú lọ. Ní oṣù Kẹjọ 2021, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi abẹ́rẹ́ AstraZeneca tí ó tó nǹkan bí 700,000 ta Nàìjíríà lọ́rẹ. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé òfin ìrìnnà tuntun jáde, àwọn tí ó gba abẹ́rẹ́ yẹn gan-an ní Nàìjíríà sì di ẹni tí kò gba abẹ́rẹ́ kankan lójú òfin náà, títí wọ́n fi tún ìwé náà ṣe. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan, tí ó jáde ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, tí ó ń lọ kàwé sí i ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi káàdì àjẹsára rẹ̀ hàn mí, ó ní, "Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé apá mi ni wọn kò gbàgbọ́ ni àbí abẹ́rẹ́ tiwọn?" N kò rí èsì fún un.

Nígbà tí ó di òpin oṣù Kọkànlá, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà kéde pé àwọn ti rí ẹ̀yà kòkòrò náà tuntun kan, èyí tí wọ́n sọ ní Omicron. Wọ́n tètè sọ ọ́, wọn kò fi pamọ́. Kò tó ọjọ́ mélòó kan tí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn lójú àti àwọn aládùúgbò wọn, ní ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá sì ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi Nàìjíríà pẹ̀lú sínú ìwé pupa, ìyẹn orúkọ àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n dí ọ̀nà ìrìnnà mọ́, kí wọ́n tó yọ gbogbo wọn kúrò ní ọjọ́ 15 nígbà tí ó ti hàn gbangba pé Omicron ti wà káàkiri London.

Ṣé owó ni ìṣòro náà? Owó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Gúúsù Áfíríkà ní owó lọ́wọ́, dọ́là 5.25 ni ó sì san lórí abẹ́rẹ́ AstraZeneca kọ̀ọ̀kan, nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ń san nǹkan bíi 2.16. Ní Gqeberha, ní Gúúsù Áfíríkà kan náà, iléeṣẹ́ Aspen ń rọ abẹ́rẹ́ Johnson & Johnson sínú ìgò, apá kan nínú rẹ̀ sì ń kọjá lọ sí Yúróòpù ní 2021 nígbà tí àwọn ará ilé ń tò. Láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá 2020 ni Íńdíà àti Gúúsù Áfíríkà ti gbé ẹ̀bẹ̀ lọ sí Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé pé kí wọ́n dá ẹ̀tọ́ oníhùmọ̀ dúró fún ìgbà díẹ̀, kí ẹni tí ó bá ní iléeṣẹ́ lè ṣe abẹ́rẹ́ náà láìbẹ̀rù ilé ẹjọ́. Amẹ́ríkà yí ohùn padà ní oṣù Karùn-ún 2021, ó ní òun fara mọ́ ọn fún abẹ́rẹ́; Jámánì kò gbà. Oṣù Kẹfà 2022 ni wọ́n tó fẹnu kò, lábẹ́ ọmọ wa Ngozi Okonjo-Iweala tí ó ti di olórí àjọ náà, ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí sì kéré púpọ̀ sí ohun tí wọ́n béèrè. Nígbà yẹn abẹ́rẹ́ ti pọ̀ lọ́jà. Aspen tí ó gba àṣẹ láti máa ta á ní orúkọ ara rẹ̀ kò rí ẹni tí yóò rà á.

Èmi kò tilẹ̀ rò pé ìwé ẹ̀tọ́ nìkan ni ìdènà. Ẹni tí wọ́n bá yọ̀ǹda fún láti ṣe abẹ́rẹ́ ṣì nílò ẹni tí yóò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ẹ̀kọ́ yẹn ni wọ́n sì fi pamọ́ jù. Iléeṣẹ́ Afrigen ní Cape Town fi hàn ní 2022 pé ó ṣeé ṣe láìsí olùkọ́: wọ́n mú ohun tí ó ti wà ní gbangba nípa abẹ́rẹ́ Moderna, wọ́n sì ṣe irú rẹ̀ fúnra wọn. Ó yá mi lórí nígbà tí mo kà á. Ṣùgbọ́n ọdún kan sọnù.

Bí mo bá dúró síbí, òyìnbó nìkan ni n óò ti dá lẹ́bi, ìyẹn kò sì tọ́. Ní Yábàá, ní Èkó, ìjọba wa ní ilé ìpèsè àjẹsára tí ó ń ṣe abẹ́rẹ́ ìgbóná, ti ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ (yellow fever) àti ti dìgbòlugi. Ní 1991, wọ́n tì í, wọ́n ní àwọn fẹ́ tún un ṣe. Àtúnṣe náà ni a ṣì ń retí. Ní 2017, ìjọba àpapọ̀ àti iléeṣẹ́ May & Baker jọ tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn lórí iléeṣẹ́ àjẹsára Biovaccines kí iṣẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ padà, síbẹ̀ nígbà tí Kòrónà dé ní 2020, kò sí ìgò abẹ́rẹ́ kan tí à ń ṣe nílẹ̀ yìí.

Ti Yábàá dun ènìyàn ju bí ó ti yẹ lọ, nítorí ohun tí ó ti ibẹ̀ jáde rí. Ní 1927, àwọn dókítà ìgbìmọ̀ Rockefeller láti Amẹ́ríkà, tí ibùdó wọn wà ní Yábàá, gba ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Asibi, ní Kpeve, ní orílẹ̀-èdè tí a mọ̀ sí Gánà lónìí. Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni ó ń ṣe é. Asibi yè é, ṣùgbọ́n Adrian Stokes, ọ̀kan nínú àwọn dókítà tí ó ṣiṣẹ́ lórí kòkòrò náà, kó o, ó sì kú ní Èkó lọ́dún kan náà. Kòkòrò tí ó ti ara Asibi jáde ni Max Theiler lò ní New York láti fi ṣe abẹ́rẹ́ 17D ní 1937, òun ni ó sì gbé Ẹ̀bùn Nobel fún Theiler ní 1951. Abẹ́rẹ́ yẹn náà ni gbogbo ayé ṣì ń gbà títí di òní. Ní 1987, àádọ́ta ọdún lẹ́yìn tí abẹ́rẹ́ jáde, ibà yìí kan náà jà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì pa ènìyàn púpọ̀. Ọdún 2004 ni a tó fi abẹ́rẹ́ rẹ̀ sínú ètò àjẹsára ọmọdé ní Nàìjíríà.

Orúkọ Asibi ṣì wà lára ìgò ní àwọn yàrá àyẹ̀wò káàkiri ayé. Ohun tí ìyẹn mú bọ̀ wá fún àwọn ará Kpeve, ẹ bá mi wá a.

Ìtàn náà kò tíì dópin, nítorí ó tún ṣẹlẹ̀ ní Ẹdẹ, tí kò jìnnà sí wa. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì 2020, àyẹ̀wò fi hàn pé ará Ítálì kan tí ó ti Èkó wọlé ní àrùn Kòrónà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta, ibùdó ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi ń darí ní Yunifásítì Redeemer's ní Ẹdẹ ti ka àbùdá kòkòrò tí wọ́n rí lára rẹ̀ tán, wọ́n sì ti gbé e síta fún gbogbo ayé lò lọ́fẹ̀ẹ́. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Áfíríkà. Ọdún kan gbáko kọjá kí ọkọ̀ òfurufú àkọ́kọ́ tó gbé abẹ́rẹ́ balẹ̀ sí Àbújá. Ti mpox, àrùn tí wọ́n ń pè ní monkeypox tẹ́lẹ̀, kò yàtọ̀: ní 2017 ni àrùn náà tún gbérí ní Nàìjíríà, tí àwọn dókítà wa, Dimie Ogoina ní Bayelsa lára wọn, sì ń kìlọ̀ pé ó ń ràn lọ́nà tí wọn kò rí rí. Nígbà tí ó dé Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ní 2022, wọ́n yára kó abẹ́rẹ́ jáde fún àwọn ará ìlú wọn. Oṣù Kẹjọ 2024 ni 10,000 dé Nàìjíríà, ẹ̀bùn láti Amẹ́ríkà.

Ní oṣù Karùn-ún 2025, àpérò Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí àdéhùn lórí àjàkálẹ̀ àrùn. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni pé nígbà àjàkálẹ̀, àwọn iléeṣẹ́ tí ó bá wọ ètò náà yóò máa ya 20 nínú 100 ohun tí wọ́n bá ṣe sọ́tọ̀ fún Àjọ náà, kí ìdajì rẹ̀ ó kéré tán jẹ́ ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n apá tí ó sọ bí a ó ṣe máa pín kòkòrò àti àbùdá rẹ̀, àti ohun tí ẹni tí ó bá pín in yóò gbà padà, ni wọ́n sún síwájú fún ìjíròrò mìíràn. Ibẹ̀ gan-an ni ìjà wà, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí àwọn aṣojú wa jókòó tì.

Ẹnì kan lè ní kí àwọn onímọ̀ wa máa di àbùdá mú nígbà náà, kí wọ́n má fi síta títí a ó fi rí nǹkan gbà. N kò fara mọ́ ọn. Àwọn ará Ẹdẹ ṣe ohun tí ó tọ́ ní 2020, àwọn ará Gúúsù Áfíríkà náà ṣe é ní 2021 bí wọ́n tilẹ̀ jìyà rẹ̀. Ọjọ́ kan tí wọ́n bá fi pamọ́ yóò pa ènìyàn, a ó sì wà lára àwọn tí yóò kú. Nítorí náà ni iye ìgò tí ó jẹ́ tiwa, iye tí a ó san, àti orúkọ iléeṣẹ́ ní Áfíríkà tí wọn yóò kọ́ ní iṣẹ́ náà ṣe gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé nísinsìnyí tí ara gbogbo wa le, kí ó má di ohun tí à ń bẹ̀bẹ̀ fún nígbà tí àwọn onímọ̀ ní Ẹdẹ bá tún ti fi ohun tí wọ́n rí ránṣẹ́ tán.